Ehoro Lẹ́yìn Ilé: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Adó-Èkìtì

Owó oṣù wa kì í dé ìparí oṣù. Àwọn ará wa ní Ìlawẹ̀, Ìgèdè àti Ìyìn tí ń ṣe àgbẹ̀ kò tilẹ̀ ní owó oṣù kankan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ehoro.

Ẹ fi abo méjì àti akọ kan bẹ̀rẹ̀. Oyún ehoro kò ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ, ó sì lè bí ọmọ 4 sí 8 lẹ́ẹ̀kan. Oúnjẹ rẹ̀ kò jìnnà: yúnyun, ewé ọ̀dùnkún, èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ. Koríko tí ìrì wà lára rẹ̀ ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó rọ ná. Ẹ kan ilé rẹ̀ sókè lábẹ́ ibòji, kí ooru má bàa pa á. Ẹ ki ẹsẹ̀ ilé náà bọ agolo ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò, kí ìjàlọ má bàa jẹ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin awakọ̀, ọ́ìlì yẹn kò wọ́n yín. Kí akọ má sì gun ọmọ rẹ̀, ẹ máa fi akọ ṣe pààrọ̀ láàárín ara yín.

Ẹni tí ó bá ní kí ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì ra ọgọ́rùn-ún ehoro, pé òun yóò rà á padà, ẹ sá fún un. Ní 2020, àrùn kan tí ń pa ehoro lójijì wọ Nàìjíríà. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹni tí ó ní mẹ́ta yóò pàdánù mẹ́ta. Ẹni tí ó yáwó ra ọgọ́rùn-ún yóò jẹ gbèsè.

Kí ọmọ wa kọ́kọ́ jẹ ẹran, kí a tó ta ìyókù. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.