Kí Géèmù Tó Di Tẹ́tẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ọ̀dọ́ àti tẹ́tẹ́. Gbogbo wa la mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí: àgbà á bú ọmọ, ọmọ á dákẹ́, a ó jẹ ìrẹsì, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn wọ̀ ọ́ lónìí. Géèmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, géèmù tí àwa gbá nígbà tí a wà ní kékeré.

Ní nǹkan bí ọdún 2010, ilé kan ṣoṣo ló ní géèmù ládùúgbò wa ní Fìdítì. Kì í ṣe PlayStation o! Èyí tí à ń pè ní tíbíì géèmù ni: ẹ̀rọ oníke kan tó fúyẹ́ bí abọ́ ọṣẹ, pádì méjì tí okùn wọn kò gùn, àti kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kọ "9999 in 1" sí lára. Irọ́ gbuu ni. Tí ẹ bá kà á dáadáa, géèmù bíi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, àwọn yòókù kàn ń pààrọ̀ orúkọ ni. Ṣùgbọ́n Mario wà níbẹ̀, Contra náà wà níbẹ̀. Ó ti tó wa.

Géèmù yẹn dàgbà jù mí lọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ní Japan gbé Super Mario Bros. jáde, fún ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti ń tà láti 1983. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ẹ̀rọ náà ló jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ tiwa ní owó pọ́ọ́kú, lẹ́yìn tí ayé ti gbàgbé rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Fọ́tò kan tí ẹ̀yin ìyá wa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ máa ń tóbi jù ú lọ.

Fún àwọn bàbá wa tí wọn ò mọ̀ ọ́n: ọkùnrin kan ló ń wá ọmọ ọba tí wọ́n jí gbé. Ta ló jí i gbé? Ìjàpá ni! Mo ń fi yín búra, ìjàpá ńlá kan tó ń yọ iná lẹ́nu. Àwa tí a ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá lẹ́nu ìyá àgbà, ó yé wa kíá. Mario á la inú igbó, á la abẹ́ ilẹ̀, á la inú omi, ayé mẹ́jọ, ìpele mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ olú, á ga sí i. Tó bá kó owó ọgọ́rùn-ún, á ní ẹ̀mí kan sí i. Tó bá wá dé ààfin, tó ṣẹ́gun, wọ́n á ní ọmọ ọba kò sí níbẹ̀, ibòmíràn ló wà. Ìgbà méje ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún un kó tó rí i.

Géèmù náà kò ní ibi tí ẹ ti lè tọ́jú ibi tí ẹ dé. Ẹ lè ti wà ní ayé keje, kí gbogbo ilé dákẹ́, kí ọmọ kékeré má mí pàápàá, NEPA á kàn mú iná lọ. Ó parí nìyẹn. Tí iná bá dé, gbogbo àdúgbò á pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!", àwa á sì bẹ̀rẹ̀ láti ayé kìíní. Ẹ̀gbọ́n tó ni ilé náà ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", ṣùgbọ́n ẹ ó dá owó epo. Àwa ọmọ mẹ́jọ, náírà ogún ogún. Ẹni tí kò bá ní, á lọ pọnmi sínú dúrọ́ọ̀mù wọn, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ wa. Òfin wà: ẹni tó bá ti kú, kó gbé pádì sílẹ̀. Ọmọ onílé pàápàá ò lè rú òfin yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gbìyànjú.

Ọmọ Ìlọrà kan tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló là wá lójú. Ní ayé kìíní, ìpele kejì, lábẹ́ ilẹ̀, ó fò gun orí àjà, ó ń sáré lọ lókè níbi tí a rò pé kò sí ọ̀nà. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà àbájáde, ó sì já sí yàrá kan tí páìpù mẹ́ta wà, èyí tó ń gbé èèyàn lọ sí ayé kejì, ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin lẹ́ẹ̀kan náà. A pariwo débi pé àwọn àgbà jáde síta, wọ́n rò pé ejò ni. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa, kò sí ìwé. Ẹnu dé ẹnu ni ìmọ̀ yẹn gbà rin láti Japan títí dé Ìlọrà, kó tó dé Fìdítì. (Àwọn ará Ìlọrà, mo ti yìn yín, ẹ má bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Contra ní tiẹ̀, èèyàn méjì lè jọ gbá a pọ̀. Ní ìpele kẹta, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa gun òkè omi tó ń ya wálẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń fò lọ sókè láìwẹ̀yìn, ojú tẹlifíṣàn á bá a lọ sókè, ẹni tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ á sì kú. Kì í ṣe ọ̀tá ló yìnbọn pa á o, ẹnì kejì rẹ̀ ló sáré jù. Ìjà tí mo rí lórí òkè omi yẹn kò kéré. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń sọ fún ọmọ ọdún méjìlá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró dè mí."

Mi ò ní Mario sọ ẹnikẹ́ni nínú wa di ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ilé ìwé jìyà, ẹ̀yin òbí wa sì fi pàṣán bá a wí dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá ní "géèmù mi ti já" lójú títì wa lónìí, kì í ṣe ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀ ló ń sọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ. Òfin kò gba kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ta tẹ́tẹ́, gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì ń rí wọn.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni virtual. Ẹ ó rí àwọn agbábọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣàn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń jẹ góòlù, ìdíje parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù kankan tí ẹnikẹ́ni gbá. Kọ̀ǹpútà ló ń yọ nọ́ńbà jáde, wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ kí èrè máa ṣẹ́kù sọ́wọ́ onílé. Ọmọ tó bá wò ó láti ita, á rò pé ohun kan náà ni pẹ̀lú tíbíì géèmù wa. Rárá o. Kòtò tó pa mí lánàá nínú Mario, ibẹ̀ náà ló wà lónìí. Mo jìn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀kọkànlá ọwọ́ mi ti mọ ìgbà tó yẹ kó fò. Èèyàn lè pàdánù nínú virtual ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, kó má kọ́ nǹkan kan, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti kọ́.

Tí a bá kàn lé wọn kúrò níbẹ̀, ibo ni kí wọ́n lọ? Ilé tí a ti ń gbá géèmù nígbà náà kò sí mọ́. Fóònù ló kù, tẹ́tẹ́ sì wà nínú fóònù.

Shigeru Miyamoto, tó wà nídìí Mario, ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sonobe, nítòsí Kyoto, ló dàgbà sí. Ó máa ń rìn kiri inú igbó àti orí òkè, ó sì wọ inú ihò àpáta kan tòun ti fìtílà. Ìrìn ọmọdé yẹn ló sọ di Zelda ní 1986. Ní tòsí wa níbí, àwọn ọ̀dọ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, Cameroon, gbé Aurion jáde ní 2016, ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe é. Àwa náà ní odò, a ní oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó, a ní ìtàn bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀dó. Ìjàpá gan-an, tiwa ni!

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ fún wa ní yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn fún ọlidé gígùn, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ohun èlò kan wà tí ó ń jẹ́ Scratch, MIT ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi ṣe géèmù kékeré tirẹ̀. Àwa mẹ́rin tí a wà ní yunifásítì ti gbà láti kọ́ wọn, a ò gba kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù mẹ́fà la nílò, àti owó epo tàbí sólà kékeré kan. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó wà ní ìlú ńlá, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń kọ orúkọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá sì tún ní kásẹ́ẹ̀tì Contra nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání. Ẹ má fẹnu fẹ́ ìdí rẹ̀ bí a ti ń ṣe nígbà yẹn o, itọ́ ló ń bà á jẹ́.