Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Fẹ́ Ẹ Bó Ṣe Wà

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin òbí wa ní Ìkìrun, ọ̀rọ̀ fíìmù tí a ń wò ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa ni mo bá wá.

Bí obìnrin tó yarọ tàbí tó fọ́jú bá jáde nínú fíìmù wa, kí ni wọ́n sábà máa ń ní kó ṣe? Alágbe ni, tàbí ẹni tí orogún fi oògùn bà jẹ́. Bó bá jẹ́ fíìmù ìjọ, wọ́n á gbàdúrà, á dìde, á rìn, ìgbà náà ni ọkọ á tó dé. Mo gba ìwòsàn gbọ́ o! Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ìfẹ́ dúró de ẹsẹ̀?

Ní 2014, Tunde Kelani ṣe Dazzling Mirage láti inú ìwé Olayinka Egbokhare. Kemi Lala Akindoju ló ṣe Funmiwo, ọ̀dọ́bìnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀gàn bá a, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, síbẹ̀ ó rọ́wọ́ mú lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ́kọ, ó sì bímọ. Bí a bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ tí a sọ àrùn yẹn, ṣé kì í ṣe pé a ti sin ẹni náà ná?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Ó dára. Bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin SS bá fẹ́ ọkùnrin AA, AS ni gbogbo ọmọ wọn á jẹ́. Kò ní sí SS kankan nínú wọn. Òótọ́ ni pé oyún rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú dókítà gidi. Nígbà náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí ẹ bá ṣì kọ̀ ọ́, kì í ṣe nítorí ọmọ-ọmọ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ lẹ kọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Marlee Matlin, adití gan-an, ṣe olólùfẹ́ nínú Children of a Lesser God ní 1986, ó sì gba Oscar lé e lórí ní 1987. Kò sẹ́ni tó la etí rẹ̀ kó tó gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré nínú ìjọ, ẹ pe arábìnrin tó ń fi ọ̀pá rìn kó wá ṣe ìyàwó nínú eré yín tó ń bọ̀. Kó mú ọ̀pá rẹ̀ dání. Bí kò bá sì fẹ́ ṣe ìyàwó, ẹ bi í léèrè èyí tó wù ú.