Máàkì Nìkan Kọ́ Ni Ó Ń Ṣí Ilẹ̀kùn Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ

  

Ní gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí a ti dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ń bi wá nípa ìdánwò JAMB: “Máàkì mélòó ni ọmọ wa gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó wọ yunifásítì?” Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Èyí tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ni pé: “Iṣẹ́ wo ni ọmọ wa fẹ́ ṣe ìdánwò lé lórí, ǹjẹ́ ó sì bá ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ lọ kọ́ mu?” Ohun tí a wá bá yín sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ orísun ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń yan àwọn tí yóò wọlé. Bí yunifásítì ti ń pọ̀ sí i, oníkálukú ń ṣe tirẹ̀. Ọmọ kan a gba àyè ní ibi méjì, ẹlòmíràn kò sì ní rí ẹyọ kan. Nítorí èyí ni ìjọba àpapọ̀ fi dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Láti 2010 ni a ti ń pe ìdánwò rẹ̀ ní UTME. Iṣẹ́ mẹ́rin, tí àwọn ọmọ ń pè ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan. Mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ tí ó yàn mu. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù, wákàtí méjì sì ni a fún wọn. Máàkì 100 ni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó mọ̀ pé òṣùwọ̀n kì í dá ẹjọ́ náà dá. Bí ó ti wù kí àpò wúwo tó, ẹni tí ń yẹ kòkó wò yóò la hóró rẹ̀ kí ó tó gbà á. Bí inú rẹ̀ bá ti bu, ìwúwo kò lè gbà á sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni máàkì JAMB rí.

Àgbẹ̀ kan wà tí a mọ̀ dáadáa, ọmọ rẹ̀ gba 263. Ọmọ náà fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì kí ó lè padà wá tún oko bàbá rẹ̀ ṣe. Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Jọ́gíráfì ni ó ṣe. Wọn kò gbà á. Ọmọ mìíràn tí ó gba 214 wọlé níwájú rẹ̀. Bàbá náà fi ìbínú wá bá wa, ó ní wọ́n ti ta àyè ọmọ òun. Nígbà tí a wádìí, Kẹ́mísírì ni kò ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ṣeé wọ̀ láìsí Kẹ́mísírì, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ajílẹ̀ àti oògùn tí a ń fín sí kòkó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ni ìdí tí kò fi ṣe é? Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní olùkọ́ Kẹ́mísírì, kò sì sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún un. Òótọ́ ni pé JAMB máa ń gba ọmọ láyè láti yí ẹ̀kọ́ tí ó yàn padà; ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ti ṣe ìdánwò rẹ̀ tán, kò sí yíyípadà fún un lọ́dún yẹn. Ọdún kan gbáko ni ọmọ náà pàdánù.

Ìdí kejì tí a fi ní máàkì nìkan kò tó nìyí. Láti 2005 ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB, èyí tí a ń pè ní Post-UTME. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n a pín máàkì JAMB sí ọ̀nà mẹ́jọ, wọ́n a sì fi ìdajì máàkì Post-UTME kún un. Ẹni tí ó gba 280 ní JAMB ní 35; bí ó bá gba 50 nínú Post-UTME, 25 kún un, ó di 60. Ẹni tí ó gba 240 ní 30. Bí òun bá gba 70, 35 kún un, ó di 65. Ta ni ó borí? Ẹni 240 ni. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì máa ń wà nínú wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nígbà náà, ṣé kí a pa ìdánwò náà rẹ́? Àwọn kan ń wí bẹ́ẹ̀. Àwa kò bá wọn wí i. Bí kò bá sí ìdánwò tí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ọmọ, lẹ́tà ẹni ńlá ni yóò di kọ́kọ́rọ́, ta ni yóò sì kọ lẹ́tà fún ọmọ àgbẹ̀? Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí èyí pa òtítọ́ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ fi ń ṣe ìdánwò yìí láti 2015, àwọn ọmọ kan sì wà ní abúlé tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ pàápàá a máa ṣìnà. Ní oṣù May 2025, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ba èsì ọmọ 379,997 jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ti gúúsù ìlà-oòrùn, a sì ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Mélòó nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni òbí wọn ti pè ní ọ̀lẹ kí òtítọ́ tó jáde?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín sí. Èkíní, igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọjọ́ tí ọmọ bá wọ kíláàsì kìíní ti sẹ́kọ́ńdírì àgbà ni kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ dà. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe dókítà, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni; ẹni tí ó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì ni. Kí ẹ mú ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB lọ bá olùkọ́, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì, bí ilé-ẹ̀kọ́ yín kò bá ní olùkọ́ fún iṣẹ́ kan, ẹ má dákẹ́. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Bí ìdáhùn bá pẹ́, ẹ da owó jọ kí ẹ gba olùkọ́, kí ẹ sì wá ibi tí àwọn ọmọ yóò ti fi kọ̀ǹpútà dánra wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ má san owó fún àwọn tí ń ṣèlérí máàkì. Ẹni tí a bá ṣe ìdánwò fún ní JAMB, ta ni yóò bá a ṣe Post-UTME? Ta ni yóò bá a ka ìwé fún ọdún mẹ́rin?

Ọmọ 263 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan padà sídìí Kẹ́mísírì fún ọdún kan, ó tún ìdánwò ṣe, ó sì gba 238. Ó wà ní yunifásítì báyìí. Máàkì rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí. Kí Ọlọ́run ṣí ti àwọn ọmọ wa gbogbo.