Ẹran Wo Ló Ń Di Iṣan Lára Wa?
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa)

Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ ìlera bá yín sọ̀rọ̀ kí oúnjẹ tó dé, àwa náà sì mọ̀ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A ò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹran ni a mú wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin. Ọjọ́ orí wa ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni iṣan ara ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá fi iṣẹ́ agbára àti oúnjẹ gidi dì í mú, bó pẹ́ bó yá, dídìde lórí àga á di iṣẹ́ fún un.

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, èrò wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí apá òun ki, kó máa jẹ màlúù. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí a bá gbé irin tán, a ó dáwó, a ó se ọbẹ̀ ata: orí màlúù, ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, pọ̀ǹmọ́ rẹpẹtẹ, pẹ̀lú bíà tútù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ikùn wa ló kọ́kọ́ yọ. Apá wa wà bó ṣe wà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wa wú débi pé kò lè wọ bàtà, dókítà sì ní kó dín inú ẹran àti bíà kù. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ẹ jẹ́ ká mú pọ̀ǹmọ́ ná, torí òun ló pọ̀ jù nínú ìkòkò wa. Awọ ni pọ̀ǹmọ́. Ó dùn lẹ́nu, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, ẹ kàn sá fún èyí tí wọ́n bá fi táyà sun. Ṣùgbọ́n purotéènì inú awọ kò pé. Àwọn èròjà kan wà tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé inú oúnjẹ nìkan ló ti ń rí wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò sí nínú awọ rárá. Ẹni tó gbójú lé pọ̀ǹmọ́ nìkan dà bí ẹni tó kó iyanrìn jọ láti kọ́lé tí kò ra sìmẹ́ǹtì.

Ohun kejì ni iyán. Àwa ará Èkìtì, ẹ jẹ́ ká sòótọ́: iyán ni oúnjẹ wa, ẹran kàn ń bá a ṣẹ̀ṣọ́ ni. Òkìtì iyán, ẹran kéékèèké méjì. Nínú gíráàmù 100 iṣu sísè, purotéènì kò tó gíráàmù 2. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó wọn kílò 70 nílò nǹkan bí gíráàmù 56 lóòjọ́. Tó bá ń gbé irin, ó nílò nǹkan bí 112.

Nínú gíráàmù 100 ẹran sísè tí kò ní egungun, àyà adìyẹ ní nǹkan bí gíráàmù 31, ẹran ewúrẹ́ 27, màlúù tí kò lọ́ràá 26, ẹja Títù 24. Wọn kò jìnnà síra wọn. Ọ̀rá, egungun àti owó ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ra kílò kan ẹran ewúrẹ́ lọ́jà, kí o wá wo iye egungun tí o máa gbé fún ajá. Ẹja òkú Èkó tí a máa ń fojú tín-ín-rín yẹn, ẹran ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ sì dára fún ọkàn. Àgbébọ̀ tí àwọn olóko ń tà nígbà tí kò bá yé ẹyin dáadáa mọ́, ó le lóòótọ́, ó sì ń fẹ́ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ kò dín.

Ẹran ìgbẹ́ ńkọ́? Òyà àti ìgbín kò lọ́ràá púpọ̀, wọ́n dára fún wa. Ẹ kàn mọ ọdẹ tí ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn kan ń fi kẹ́míkà pa ẹran. (Àwọn ará Iré tó ń bọ Ògún ní ẹran tiwọn, a kò ní dárúkọ rẹ̀ níwájú àlejò.)

A kò ní kí màlúù kúrò nílé o. Ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, pàápàá fún àwọn obìnrin wa, tí wọ́n sábà máa ń bu ẹran fún gbogbo ilé kí wọ́n tó rántí ara wọn.

Èyí ni ohun tí àwa ń jẹ báyìí lọ́jọ́ tí a bá gbé irin: ẹyin mẹ́ta láàárọ̀, àwo ẹ̀wà kan lọ́sàn-án, ẹja Títù tó tóbi díẹ̀ àti ẹran adìyẹ kan lálẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 110. Iyán ṣì wà níbẹ̀, òkìtì rẹ̀ ló kéré. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ìṣirò yìí kó tó rí dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, kò jìnnà.

Ẹ bá àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń febi pa ara wọn láti ra ìyẹ̀fun inú ike, èyí tó jẹ́ pé omi wàrà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kírétì ẹyin kan, ẹyin 30, ní nǹkan bí gíráàmù 180. Ní ti abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan wú, ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́, ó sì lè mú kí ọkùnrin má lè bímọ.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ wa ń pa màlúù ní Oṣù Kejìlá. A fẹ́ kí a pa èyí tó kéré, kí a fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra ẹja àti adìyẹ fún ìpàdé oṣooṣù, dípò ọbẹ̀ pọ̀ǹmọ́. Nínú àwa márùn-ún tó wà nínú ìgbìmọ̀, méjì kò gbà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí màlúù rẹ̀ bá kéré, ìlú á fi ṣe yẹ̀yẹ́. A ó gbé e wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ wá dìbò. Ti òní ṣá, màlúù ti wà nínú ìkòkò.