Ẹ Mú Ìbéèrè Dání

Ẹ̀yin ìyá tó ń ki oúnjẹ bọ àpò ọmọ kó tó lọ sílé ìwé, ẹ̀yin ni mo ń bá wí láàárọ̀ yìí.

Láti ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fún àwọn ọmọbìnrin wa, láti ọmọ ọdún 9 sí 14, ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Àmọ́ ìbéèrè pọ̀. Ṣé kò ní í sọ ọmọ mi di àgàn? Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ kékeré? Oògùn ẹ̀fọ́rí gan-an, a ń rà á. Èyí ṣe wá jẹ́ ọ̀fẹ́?

Ta ló ní kí ìyá má béèrè? Ẹ béèrè!

Abẹ́rẹ́ yìí kì í sọni di àgàn. Jẹjẹrẹ yẹn gan-an ló ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ ranni, ìdí nìyẹn tí àjẹsára fi gbọ́dọ̀ ṣáájú kòkòrò náà dé ara ọmọ. Apá lè dun ọmọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà. Ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì sọ ìyẹn fún yín kó tó gún un. Nọ́ọ̀sì tó bá ń jágbe mọ́ ìyá tó béèrè, lójú tèmi, àhesọ ló ń ràn lọ́wọ́ láti tàn kálẹ̀.

Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Ẹ mú ìbéèrè dání. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dá yín lóhùn.