Ta Ló Ní Ẹ̀tọ́ Láti Gbowó Lọ́wọ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé

  

Nígbà tí a ní ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin la fẹ́ sọ lónìí, àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kan ẹlẹ́pa kan ọ̀jọ̀gbọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún yín láàárọ̀ yìí, inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí à ń wí ni Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ní igbákejì Ààrẹ láti 2015 di 2023. Kí ó tó débẹ̀, olùkọ́ òfin ni ní Yunifásítì Èkó, òun náà ló sì jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1999 títí di 2007. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, a kò sì wá polongo ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní gbangba la fẹ́ yẹ̀ wò, ká mú èyí tó bá wa mu, ká sì sọ ibi tó kù sí.

Ní 2018, nígbà tí òun àti Àtíkù Abubakar ń fa ọ̀rọ̀ àtúntò Nàìjíríà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó kọ̀wé sí ilé ìwé ìròyìn kan. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń jà fún un, nínú kọ́ọ̀tù àti lẹ́yìn kọ́ọ̀tù, pé kí àwọn ìpínlẹ̀ lágbára, kí wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ lórí owó tiwọn. Ká sọ ọ́ lédè ọjà: kí gbogbo owó má wọ àpò Àbújá, kí gómìnà má máa nawọ́ lóṣooṣù bí ẹni tí ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọkọ.

Ẹnu rẹ̀ nìkan kọ́. Ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin 1999 kọ fún Èkó. Èkó sọ ọ́ di 57. Ní 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n má fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó ní owó tó máa ń ti Àbújá wá fún wọn mọ́. Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nígbà tí Ọ̀ṣínbàjò jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 náà, àwọn adájọ́ ní Ààrẹ kò ní agbára lábẹ́ òfin láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Wọ́n tún ní àwọn 37 tuntun yẹn kò tíì pé, àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe tirẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní LCDA títí dòní. Síbẹ̀ owó kò jáde bọ̀rọ̀. Ó di 2007, lábẹ́ Ààrẹ Yar'Adua, kí èyí tó kù tó jáde.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá béèrè nǹkan kan. Ní gbogbo àkókò tí owó kò fi wá yẹn, kí ni káńsù ń ná? Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń yin Èkó pé ìgbà yẹn gan-an ló kọ́ bí a ṣe ń wá owó nínú ilé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n "inú ilé" tí wọ́n ń wí yẹn, àwa náà la wà níbẹ̀! Káńsù tí kò bá rí owó gbà lókè, ìsàlẹ̀ ló máa wò, ẹni tó sì rọrùn jù láti rí nísàlẹ̀ ni obìnrin tó jókòó ti igbá rẹ̀ lójú kan láti àárọ̀ di alẹ́. Kò lè sá. Bó bá sá, ọjà ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kù sí lójú tiwa nìyí. Ó sọ ti Àbújá àti ìpínlẹ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí ìpínlẹ̀ ń bá Àbújá jà sí, òun náà ni káńsù ń bá ìpínlẹ̀ jà sí. Àpò kan ṣoṣo tí owó ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń wọ̀, ọwọ́ gómìnà ló máa ń wà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yìí kan náà dá ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ 36, ó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Bí ìpínlẹ̀ bá lágbára, ó dára. Ta ló máa wá ṣọ́ ìpínlẹ̀ fún wa?

A ó dé orí tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, nítorí òun lẹ ń dúró dè.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní àkọsílẹ̀ kan lẹ́yìn tó ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ilé ìpẹran wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n dá wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú wọn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, kí wọ́n TỌ́JÚ wọn ni wọ́n kọ. Òfin mìíràn tún wà tí ìjọba ológun ṣe ní 1998, tó to irú owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósì, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Owó ọjà, ti ìjọba ìbílẹ̀ náà ni, àyàfi ọjà tí owó ìpínlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ìyẹn di ti ìpínlẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀kan ni, wọn kò sọ pé kí àwọn méjèèjì gbà á. Ẹni tí káńsù bá ti gba owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹlòmíràn tún dé lọ́sàn-án pẹ̀lú búkà tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mìíràn tó lóun ń bá ìpínlẹ̀ ṣe é, ó yẹ kó béèrè pé ti ta ni ọjà yìí gan-an?

Òfin 1998 yẹn tún ní kí ẹnikẹ́ni, àní òṣìṣẹ́ owó orí pàápàá, má ṣe di ojú ọ̀nà láti gbowó. Ó fi ìtanràn N50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì, sí ẹni tó bá gba owó tí kì í ṣe tirẹ̀ láti gbà. Ọkọ̀ tomátò wa tí wọ́n ń dá dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọ ọjà, ẹ ti mọ ohun tí òfin sọ sí i. Gbogbo owó tí awakọ̀ bá san lọ́nà yẹn, orí apẹ̀rẹ̀ ló ń gùn, oníbàárà ló sì ń san án nígbẹ̀yìn.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta gààrí ko tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wá fún wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n já gbogbo rẹ̀. Méjì kò ní orúkọ ìjọba kankan lórí. Ọ̀kan kò ní nọ́ńbà. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí, ṣùgbọ́n a ti tọ́jú wọn pamọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń sọ pé ká má san owó orí. Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn ìyá wa tó jà ṣáájú wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún, Alímọ́tù Pelewura kó àwọn obìnrin ọjà jáde, wọ́n ti ọjà pa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e dé £200. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọjà jà títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, tí wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Ohun tí àwa ń béèrè ní tiwa ni pé kí wọ́n fi ìwọ̀n sí i, kí wọ́n sì jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń fi owó wa ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn ló gbé wa dé òfin owó orí tuntun. Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Nínú rẹ̀, N800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan kò ní owó orí. Lẹ́yìn ìyẹn, N2,200,000 tó tẹ̀ lé e, kọ́bọ̀ 15 lórí náírà kọ̀ọ̀kan.

Èrè ni wọ́n wí o, kì í ṣe gbogbo owó tẹ́ ẹ tà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Obìnrin kan ta ọjà N6,000,000 lọ́dún. N4,700,000 ló fi ra ọjà náà. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ àti owó alábàárù jẹ́ N400,000. Ó ku N900,000. Ó ń gbé ilé háyà tó jẹ́ N200,000 lọ́dún. Òfin ní kó yọ ìdá márùn-ún rẹ̀, ìyẹn N40,000. Ó ku N860,000. Ẹ yọ N800,000, ó ku N60,000. Owó orí rẹ̀ fún ọdún kan gbáko jẹ́ N9,000. Ẹ wá fi wé iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ kan!

Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́ bí kò bá sí ìwé? Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀, òṣìṣẹ́ owó orí ló máa bá a fojú díwọ̀n, ojú rẹ̀ sì lè tóbi. Ìwé oníkókó N500 tó. Ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ rà, ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ tà, ẹ fi rìsíìtì há a láàárín. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ bá a kọ ọ́ lálẹ́.

Òfin tuntun yìí tún yí bí wọ́n ṣe ń pín owó VAT padà: 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba àpapọ̀, 55 fún àwọn ìpínlẹ̀, 35 fún ìjọba ìbílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 15 ni ti àpapọ̀, 50 sì ni ti ìpínlẹ̀. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń béèrè ti ń súnmọ́ ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ti káńsù kò yẹ̀. Bí alága káńsù bá tún wá sọ fún wa pé kò sówó láti gbá gọ́tà ọjà, a ó ní iye tí a lè bi í léèrè.

Ohun tí ìgbìmọ̀ pinnu nìyí. Títí di ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù má sọ tíkẹ́ẹ̀tì kankan nù. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye owó sẹ́yìn rẹ̀, kí olórí ìsọ̀ kó wọn jọ fún akọ̀wé. Ẹni tó bá wá gbowó, ẹ bi í ní ìwé ìdánimọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ẹ má bá a jà, ẹ ránṣẹ́ pè wá. Àwa mẹ́ta láti inú ìgbìmọ̀, pẹ̀lú lọ́ọ̀yà kan tó gbà láti bá wa lọ láìgbowó, ni a ó kó àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ sí káńsù. Èsì tí wọ́n bá fún wa la ó tẹ̀ sínú ìwé yìí.