Àpótí Ìtẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Bẹ̀ Wò

Bí àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà bá ṣí ìdérí àpótí ìtẹ́ tó kàn mọ́ òpó ọgbà rẹ̀ lóṣù kárùn-ún, ohun tó ń retí ni ẹyin mẹ́rin tàbí márùn-ún, aláwọ̀ ojú ọ̀run, lórí koríko gbígbẹ. Nígbà mìíràn, òkú ìyá wọn ló ń bá. Wọ́n ti sọ ọ́ lórí títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, ẹyẹ mìíràn sì ti ń to koríko àti ìyẹ́ lé òkú náà, ó ń kọ́ ilé tirẹ̀.

Ẹyẹ tó kú ni bluebird, ẹyẹ àmì ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀ New York àti Missouri. Ẹ̀yìn akọ rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Ẹyẹ tó pa á ni ológoṣẹ́ ilé, tí ìran rẹ̀ ti Yúróòpù àti Éṣíà wá. Kì í ṣe ológoṣẹ́ olórí eérú tó ń ṣa ọkà káàkiri àgbàlá nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ onílẹ̀ nìyẹn, mọ̀lẹ́bí lásán ló bá èyí tan.

Ọwọ́ ènìyàn ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Kòkòrò ajewé ń jẹ ewé igi ìgboro run ní Brooklyn, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà sì rò pé ológoṣẹ́ yóò jẹ kòkòrò náà tán. Wọ́n tú díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1851. Àwọn yẹn kò rọ́wọ́ mú, ni wọ́n bá tún kó púpọ̀ sí i wá lọ́dún 1852. Wọ́n ń wá oògùn làpálàpá, wọ́n gbé ẹ̀tẹ̀ wọlé. Ọkà inú ìgbẹ́ ẹṣin kún gbogbo títì nígbà náà, oúnjẹ kò sì wọ́n ológoṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 1889, ìjọba Amẹ́ríkà ti tẹ odidi ìwé tó lé ní 400 ojú-ìwé lórí wàhálà rẹ̀. Walter Barrows ló kọ ọ́.

Kí ló dé tí bluebird kò fi lè sá lọ síbòmíràn? Inú ihò igi ló ń yé sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kò lágbára láti gbẹ́ ihò. Àkókó ló ń gbẹ́ ihò náà fún un. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ gé òkú igi kúrò, tí òpó irin sì rọ́pò òpó igi lára ọgbà, ilé di ọ̀wọ́n. Ẹyẹ starling tí wọ́n tú sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1890 tún dá kún un.

Kí bluebird lè rílé gbé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ T. E. Musselman bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí sẹ́bàá ọ̀nà ní Quincy, ní Illinois, lọ́dún 1934. Lawrence Zeleny gbé iṣẹ́ náà ga ní Maryland, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú bluebird ti Amẹ́ríkà ti Àríwá sílẹ̀ lọ́dún 1978. Àpótí gba ẹyẹ yìí là, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ìṣòro wà. Ihò tó fẹ̀ tó ínṣì kan àbọ̀ ni bluebird ń gbà wọlé. Starling kò lè gbà á, ológoṣẹ́ ń gbà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn ẹyẹ tó kéré sí bluebird, bíi wren àti chickadee, lè fi ihò 1⅛ ínṣì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ológoṣẹ́ síta. Bluebird kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní ráyè bẹ àpótí wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sàn kó má kàn án rárá. Ilé bluebird kọ́ ló ń kàn ní tòótọ́, ilé ìbísí ológoṣẹ́ ni. Ẹyẹ náà sì lè pa ẹyin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún kan.

Ibi tí a kan àpótí sí ṣe pàtàkì ju igi tí a fi ṣe é lọ. Pápá gbalasa ló dára, kó jìnnà sí ilé ẹran, sí àká, àti sí ibi tí wọ́n ń da àgbàdo fífọ́ àti jéró fún ẹyẹ. Bí bluebird bá ti yé ẹyin àkọ́kọ́, àwọn olùtọ́jú a máa so ọ̀rá tó ń dán yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ sókè àpótí, kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ológoṣẹ́. Ìyá tó ti lẹ́yin nílé kì í ka ìyẹn sí. Bí wọ́n bá so ó kí ẹyin tó wà, bluebird fúnra rẹ̀ lè sá lọ.

Òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ẹyẹ kò ka ológoṣẹ́ ilé mọ́ àwọn tirẹ̀, torí náà ó tọ́ lábẹ́ òfin láti kó ìtẹ́ àti ẹyin rẹ̀ dànù. Síbẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àpótí ni akọ ológoṣẹ́ fẹ́ ju aya lọ. Bí wọ́n bá tú ìtẹ́ rẹ̀ ká, ó lè fi ìbínú ya wọ àpótí tó wà nítòsí, kó pa ẹni tó bá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń mi ẹyin náà jìgìjìgì kí ó má lè pa, tí wọ́n á sì dá a padà kí ológoṣẹ́ máa sàba lé e lásán.

Ológoṣẹ́ kan náà yìí ti di ọ̀wọ́n nílé baba rẹ̀. Láti ọdún 2002 ló ti wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n kà sí èyí tó wà nínú ewu jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ibẹ̀ sì ń kan àpótí fún un.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ bluebird máa ń fò jáde nígbà tó bá tó bí ọjọ́ méjìdínlógún sí ogún. Lọ́jọ́ náà gan-an ni olùtọ́jú yóò kó ìtẹ́ àtijọ́ kúrò, tí yóò gbá inú àpótí mọ́, nítorí tọkọtaya náà lè padà wá yé ẹyin kejì kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí.